GCFGlobal: ibi tí mo máa ń ní kẹ́ni tó fẹ́ wọṣẹ́ ọ́fíìsì kọ́kọ́ lọ

Ẹ jẹ́ n ti sọ ibi tí mo dúró sí kí n tó máa ṣàlàyé. Nínú gbogbo sáìtì tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ti lò, tí mo tún ti jókòó ti ẹlòmíì kó lò ó lójú mi, GCFGlobal ni mo ṣì máa ń ní kẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kọ́kọ́ lọ. Kì í ṣe òun ló rẹwà jù, kì í ṣe òun ló lókìkí jù, àìmọye èèyàn ni ò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Àmọ́ ó máa ń jẹ́ kéèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ, kò gbowó, kò sì kán èèyàn lójú. Fún ẹni tó ń wá ìpìlẹ̀ iṣẹ́, nǹkan mẹ́ta yẹn ju gbogbo ariwo lọ lójú tèmi.

Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wo ni mò ń sọ? Àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ máa ń gba ọ̀dọ̀ mi kọjá dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbọ́n, ọ̀pọ̀ ló kàwé, fóònù ò sì ṣòro fún wọn rárá, wọ́n á ṣe fídíò, wọ́n á to fọ́tò, wọ́n á wá ohunkóhun jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ gbé kọ̀ǹpútà síwájú wọn, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ ọjà tó wọlé lóṣù yìí, kí wọ́n ṣírò ẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Fáìlì tó máa dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, Book1 lorúkọ ẹ̀, torí orúkọ tí Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe téébù àti ìṣirò, fúnra ẹ̀ fún un nìyẹn, kò sẹ́ni tó yí i padà. Ìméèlì yẹn ò lákọlé, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ẹ̀, kò sí "ẹ káàárọ̀ sà", fáìlì nìkan ló dá dúró síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá ṣí i, ẹ máa rí i pé orí fóònù ni wọ́n ti ṣírò gbogbo ẹ̀, wọ́n wá ń tẹ èsì ẹ̀ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé Excel ni wọ́n ṣí sílẹ̀ níwájú ara wọn láti àárọ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ o, kì í ṣe pé orí wọn ò pé, kò sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n fi hàn wọ́n rí ni. Ilé ìwé rò pé wọ́n á kọ́ ọ níbi iṣẹ́, ibi iṣẹ́ rò pé ilé ìwé ti kọ́ wọn, àárín méjèèjì lọmọ ọlọ́mọ wá há sí.

Ìpìlẹ̀ ọ̀hún ò sì mọ sórí kọ̀ǹpútà nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àjọ kan wà tó ń jẹ́ ACT, àwọn tó ń ṣe ìdánwò fún àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì, wọ́n tún ní ìdánwò míì tí wọ́n ń pè ní WorkKeys tó jẹ́ pé ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ló ń wò. Mẹ́ta lèèyàn máa ń ṣe kó tó lè rí ìwé ẹ̀rí ẹ̀ gbà: ìṣirò tó jẹ mọ́ iṣẹ́, kíka téébù àti àwòrán tí wọ́n fi ń ṣàlàyé iye nǹkan, àti kíka àwọn ìwé tí wọ́n ń lò níbi iṣẹ́, bíi lẹ́tà, ìlànà àti òfin ilé iṣẹ́. Bí máàkì bá ṣe rí ni wọ́n á ṣe fún èèyàn ní idẹ, fàdákà, góòlù tàbí èyí tó ga jù tí wọ́n ń pè ní platinum. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe pín in yẹn gan-an, torí ibi tó ti máa ń dojú rú náà nìyẹn. Kéèyàn mọ̀wé kà yàtọ̀ sí kó ka ìlànà ojú ewé méjì kó sì mọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe, ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e, àti ẹni tó yẹ kó pè tí nǹkan ò bá lọ bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ń wá ibi tó ti máa kọ́ṣẹ́, kó yáa fi mẹ́ta yẹn kún kọ̀ǹpútà.

Ó yá, ká wọnú GCFGlobal. Goodwill Community Foundation ló ni ín, North Carolina ní Amẹ́ríkà ni wọ́n wà, ọdún 2000 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó mọ̀ wọ́n tipẹ́ á rántí orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, GCFLearnFree. Tẹ́ ẹ bá dé orí ẹ̀, wọn ò ní kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kàwé, wọn ò ní bèèrè nọ́ńbà káàdì ìfowópamọ́ yín, ẹ kàn máa mú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ ni, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ó lè jọ nǹkan kékeré létí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lò. Àmọ́ mo ti rí ẹni tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń ní kó ṣe páásíwọ́ọ̀dù, kó ní lẹ́tà ńlá, kó ní nọ́ńbà, kó ní àmì, ibẹ̀ ló ti sú u tó dìde. Ẹni tí ò tíì ní ìméèlì ńkọ́? Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó fi ìméèlì tí ò ní forúkọ sílẹ̀ níbi tó ti fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìméèlì? Àwọn sáìtì ńláńlá kì í ronú sí èyí, àwọn wọ̀nyí ronú sí i.

Láti orí bí wọ́n ṣe ń di máòsì mú tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó wá ń gòkè dé orí fáìlì àti fódà, íntánẹ́ẹ̀tì, ìméèlì, Word, Excel, PowerPoint, Google Docs, bí wọ́n ṣe ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, bí wọ́n ṣe ń kọ síìvì, bí wọ́n ṣe ń múra sílẹ̀ fún íńtáfíù, títí kan ìṣirò àti ìwé kíkà. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan kì í gùn jù, ọ̀rọ̀ díẹ̀, àwòrán tí wọ́n fi àmì sí pé ibi báyìí ni kẹ́ ẹ tẹ̀, fídíò kékeré fún ẹni tó bá fẹ́. Mo ní "fún ẹni tó bá fẹ́" torí pé ohun tó wà nínú fídíò náà ló wà nínú ìwé, ẹni tí dátà ẹ̀ ò pọ̀ lè ka ọ̀rọ̀ kó wo àwòrán kó má fọwọ́ kan fídíò rárá, kò sì ní pàdánù nǹkan kan. Nínú Excel àti àwọn tó jọ ọ́, wọ́n tún máa ń fi fáìlì ìdánrawò síbẹ̀ tẹ́ ẹ máa gbà sórí kọ̀ǹpútà yín, tẹ́ ẹ bá wá dé ìsàlẹ̀, ẹ máa rí iṣẹ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ dá ṣe, Challenge ni wọ́n ń pè é. Challenge yẹn lójú ọjà, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ìdí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń so ihò kan (àpótí kékeré inú téébù tí wọ́n ń pè ní cell) mọ́ òmíì nínú Excel. Wọ́n fún yín ní téébù kan tí orúkọ ọjà wà nínú ẹ̀, iye tí wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní òpó B, iye tí wọ́n rà wà ní C, owó orí tó yẹ kí wọ́n san ló yẹ kó jáde ní D. Ìdá owó orí yẹn, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n gbé e sí ihò kan ṣoṣo lókè, E1. Ẹni tí ò mọ̀ á tẹ =(B4*C4)*E1, èsì àkọ́kọ́ á jáde wẹ́rẹ́, inú ẹ̀ á dùn, á wá fa fọ́múlà náà wálẹ̀ kó lè bá àwọn ìlà tó kù ṣe é. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń fà á wálẹ̀ ni Excel ń sún gbogbo ẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, B4 di B5, ó dáa, C4 di C5, ó dáa, àmọ́ E1 náà ti di E2, owó orí ò sì sí ní E2. Kí lẹ máa rí? Òdo lẹ máa rí tí ihò yẹn bá ṣófo, tí ọ̀rọ̀ bá wà níbẹ̀, Excel á kọ #VALUE! sí yín lójú. Ohun tí ẹ̀kọ́ yẹn wá fi hàn yín ni pé kẹ́ ẹ fi àmì dọ́là méjì há E1 mọ́lẹ̀, kó di $E$1, kẹ́ ẹ wá fà á bó ṣe wù yín, kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Lórí Windows, tẹ́ ẹ bá ń tẹ fọ́múlà lọ́wọ́ tẹ́ ẹ fọwọ́ kan F4, àmì dọ́là yẹn á wọlé fúnra ẹ̀.

Ẹni tó bá kàn wo fídíò ẹ̀ á ní ó ti yé òun, ó sì yé e lóòótọ́ nígbà tó ń wò ó. Kó wá di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ gbé téébù míì fún un tí ìdá owó orí wà ní ibòmíì, kó jẹ́ H2, kò wá ní mọ ohun tó máa ṣe mọ́. Ibi tí Challenge ti wúlò nìyẹn torí kò sẹ́ni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́, wọ́n kàn ní kẹ́ ẹ ṣe báyìí báyìí, ẹ̀yin lẹ máa rántí ibi tẹ́ ẹ máa tẹ̀. Kì í sì í ṣe èrò tèmi nìkan o. Lọ́dún 2006, àwọn onímọ̀ méjì, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, gbé ìwádìí kan jáde, wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kà, àwọn kan tún un kà, wọ́n ní káwọn kan pa ìwé dé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló ṣe dáadáa jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó gbìyànjú láti rántí ló wá yọ wọ́n sílẹ̀. Iṣẹ́ ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni, ọ̀rọ̀ lẹ́yìn oṣù kan ni, kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ ṣe é níṣẹ́jú márùn-ún sígbà tẹ́ ẹ kọ́ ọ. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń lo ibẹ̀, ẹ má fo Challenge o, kódà tó bá rọrùn lójú yín, ẹ ṣe é, kẹ́ ẹ sì padà wá ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láìwo òkè.

Ẹ̀kọ́ ìméèlì wọn náà dáa. Wọ́n ṣàlàyé To (ẹni tí lẹ́tà wà fún), Cc (ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ kó rí i pẹ̀lú) àti Bcc dáadáa, ẹ sì máa yà á lẹ́nu iye àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí Bcc ò tíì yé: ẹni tẹ́ ẹ bá fi síbẹ̀ á rí lẹ́tà náà gbà, àwọn tó kù ò ní mọ̀ pé wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ fojú inú wo bó ṣe máa rí tí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ kọ̀wé sí àwọn oníbàárà ẹ̀ tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹni tó ń fi ránṣẹ́ wá kó ìméèlì gbogbo wọn sí To. Kálukú ti rí àdírẹ́sì ẹnì kejì nìyẹn, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè kó o padà. Wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ ààbò kún un, bí wọ́n ṣe ń dá lẹ́tà gbájúẹ̀ mọ̀, pé kéèyàn má kàn máa tẹ líǹkì tẹ́nì kan fi ránṣẹ́. Mo rò pé ibi iṣẹ́ èyíkéyìí ló yẹ kó fi ẹ̀kọ́ yẹn lé àwọn èèyàn ẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé.

Títẹ kíbọ́ọ̀dù, wọ́n kọ́ ọ, ó wà níwọ̀n. Fún ìyẹn, TypingClub ni mo fẹ́ràn jù torí ó ń gbé èèyàn díẹ̀díẹ̀, lórí F àti J ló ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí wọ́n fi ìlà kékeré sí lórí kíbọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á, kí ìka lè mọ ilé ẹ̀ láìwolẹ̀. Ọ̀fẹ́ lòun náà.

Ibi tí GCFGlobal kù sí wá ńkọ́? Àkọ́kọ́, kò sí olùkọ́ tó ń wo iṣẹ́ yín. Ẹ lè kọ ìméèlì tí ò ní orí tí ò ní ìdí, ẹ lè kọ síìvì tí ò bójú mu, sáìtì ò ní mọ̀. Fọ́múlà, ẹ lè rí i fúnra yín bóyá ó tọ̀nà, torí wọ́n máa ń fi àwòrán bó ṣe yẹ kó rí síbẹ̀ kẹ́ ẹ fi wé tiyín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwé kíkọ nílò èèyàn. Ohun tí mo máa ń ṣe fáwọn tó wà lọ́dọ̀ mi ni pé kí wọ́n fi Challenge tí wọ́n ṣe ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ ìméèlì, kó ní àkọlé, kí fáìlì ní orúkọ tó nítumọ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kí ọ̀rọ̀ ìlà méjì wà nínú ẹ̀ tó ń sọ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ àti ibi tó ti le fún wọn. Èmi náà á dáhùn lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Iṣẹ́ Excel kan ṣoṣo, ó ti kọ́ wọn ní fáìlì, ó ti kọ́ wọn ní ìméèlì, ó ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ròyìn iṣẹ́ fún ọ̀gá, pé kéèyàn sọ ibi tó ti le kì í ṣe ìtìjú. Tẹ́ ẹ bá ń dá kọ́ ọ, ẹ wá ẹnì kan, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́, ẹnikẹ́ni tó ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, kẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ràn yín ò ní kọ̀ ọ́.

Èkejì, èdè. Òyìnbó, èdè Sípéènì àti ti Potogí ni wọ́n fi ń kọ́ni, kò sí Yorùbá níbẹ̀. Òyìnbó wọn ò le, wọn kì í lo ọ̀rọ̀ ńláńlá, ọmọ ilé ìwé sẹ́kọ́ńdírì á gbọ́ ọ dáadáa, àmọ́ ẹni tó ti dàgbà tí ò bá òyìnbó jìnnà, ó nílò ẹni tó máa bá a túmọ̀ ẹ̀, inú mi ò sì dùn sí i, torí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ló nílò ẹ̀kọ́ yìí jù. Ó yẹ kẹ́nì kan ṣe irú ẹ̀ ní Yorùbá, mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Fọ́múlà ò lédè, $E$1 ni yóò máa jẹ́ níbi gbogbo, àlàyé tó yí i ká nìkan ló nílò ẹnu tiwa.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ọdún tó wà lára kọ́ọ̀sì. Excel ti 2010 wà lọ́tọ̀, ti 2013 wà lọ́tọ̀, ti 2016 wà lọ́tọ̀, tẹ́ ẹ bá mú èyí tí ò bá ti kọ̀ǹpútà yín mu, ẹ máa máa wá bọ́tìnnì tí ò sí níbẹ̀. Fọ́múlà ò yí padà, ojú ẹ̀ ló ń yí padà.

Àwọn tó kù ńkọ́? Khan Academy, tí Sal Khan dá sílẹ̀ lọ́dún 2008, òun ni kẹ́ ẹ lọ tó bá jẹ́ ìṣirò ló ń dà yín láàmú, ọ̀fẹ́ ni, á sì padà sẹ́yìn pẹ̀lú yín títí dé orí ìdá àti ìpín láìfi yín ṣẹ̀sín. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lẹ kọ́kọ́ lọ kọ́ níbẹ̀, òun ni wọ́n ń lò jù níbi iṣẹ́. HP LIFE, tó jẹ́ ti àjọ HP Foundation, ó dáa fún ẹni tó ń ronú àtidá iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n kọ́ ìpìlẹ̀ ètò owó, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sí oníbàárà, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì máa ń fún èèyàn ní sátífíkéètì láìgbowó. Alison, láti Ireland, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007, kọ́ọ̀sì ẹ̀ pọ̀ bí nǹkan míì, èèyàn lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́, sátífíkéètì ló ń gbowó, ìpolówó ọjà sì máa ń wà lójú ewé, kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Coursera, tí Andrew Ng àti Daphne Koller dá sílẹ̀ lọ́dún 2012, ìyẹn ti wà lókè díẹ̀. Ibẹ̀ ni Google gbé kọ́ọ̀sì ẹ̀ tó ń múra èèyàn sílẹ̀ fún iṣẹ́ sí, ti IT Support, ìyẹn iṣẹ́ ríran àwọn tí kọ̀ǹpútà ń dà láàmú lọ́wọ́, ló kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2018, wọn ò ní kẹ́ ẹ mú dìgírì wá kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó ẹ̀, ẹni tí agbára ẹ̀ ò gbé e sì lè kọ̀wé béèrè ìrànlọ́wọ́ owó. Ó dáa gan-an. Àmọ́ ẹni tí ò tíì mọ ibi tí fáìlì ẹ̀ wọlẹ̀ sí ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, á kàn fowó ṣòfò ni, á wá máa rò pé òun ló ya òmùgọ̀. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó gbọ́n dáadáa, ìbànújẹ́ ló jẹ́ fún mi.

Ẹ ṣọ́ra fún sáìtì tó bá ní "ọjọ́ díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́" tó wá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi nọ́ńbà káàdì sílẹ̀. Ọ̀kan wà tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ọjọ́ ọ̀fẹ́ pé, wọ́n yọ owó odidi ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà lára àpò mi, bẹ́ẹ̀ mo ti tẹ ibi tí wọ́n ti ń fagi lé e, ìméèlì tó yẹ kí wọ́n fi jẹ́rìí sí i ò wá rí. Mo kọ̀wé, wọ́n dáhùn pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo tún kọ ọ́, wọ́n dáhùn lẹ́tà kan náà. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ẹ̀ ò burú, ìwà wọn ni mi ò lè gbà. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ẹni tí owó ò sí lọ́wọ́ ẹ̀, ó dùn mí.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa nínú gbogbo èyí ni ti àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ tí wọn kì í parí. Ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science lọ́dún 2019, wọ́n yẹ àwọn kọ́ọ̀sì tí yunifásítì Harvard àti MIT gbé sórí edX, sáìtì ẹ̀kọ́ kan, wò, nínú gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní 2017 sí 2018, bí 3 nínú 100 ló parí ẹ̀. Àwọn tó sanwó pàápàá, 46 nínú 100. Ẹ sì rántí pé kọ́ọ̀sì Harvard nìyẹn o. Èmi ò rò pé ọ̀lẹ ló fa ìyẹn. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, tó wọlé lálẹ́, tó ní ọmọ lọ́rùn, tó wá fẹ́ wo fídíò wákàtí kan, oorun á gbé e lọ. Ibi tí ẹ̀kọ́ kéékèèké GCFGlobal ti dára jù lójú mi nìyẹn, ojú ewé kan lèèyàn lè kà tán kó tó sùn, kó ṣe Challenge ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò sí pé kíláàsì ti fi yín sílẹ̀, kò sí ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, ibi tẹ́ ẹ dúró sí lẹ máa bá a.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè nípa sátífíkéètì, mo gbọ́ yín. Èmi tí mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń gba èèyàn síṣẹ́, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo máa ń wò. Tẹ́nì kan bá mú sátífíkéètì Excel wá, màá kí i kú iṣẹ́, lẹ́yìn náà màá gbé kọ̀ǹpútà fún un, kó fi hàn mí. Ẹni tó bá mú fáìlì tó ṣe fúnra ẹ̀ wá, téébù ìnáwó ilé tó ṣètò dáadáa, àkọsílẹ̀ ọjà tẹ́nì kan ń tà tí fọ́múlà wà nínú ẹ̀ tí kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n kàn tẹ̀ síbẹ̀, tó sì lè ṣàlàyé ìdí tó fi ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹni yẹn ti ṣe tán lójú mi, yálà ó ní ìwé tàbí kò ní. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ṣì máa bèèrè ìwé, òótọ́ ni, níbẹ̀ ẹ lè lọ gba ti HP LIFE tàbí kẹ́ ẹ sanwó ti Coursera, àmọ́ ẹ ní nǹkan tẹ́ ẹ máa fi hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Fún ẹni tó jẹ́ pé fóònù nìkan ló ní: ẹ lè ka GCFGlobal lórí fóònù, ó ṣí dáadáa, Google Sheets, tó jọ Excel, náà sì ní áàpù tẹ́ ẹ lè fi ṣe ìdánrawò, fọ́múlà tí mo kọ lókè yẹn á ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ kàn máa fọwọ́ tẹ àmì dọ́là fúnra yín torí kò sí F4. Títẹ kíbọ́ọ̀dù àti dídi máòsì mú nìkan ni fóònù ò lè kọ́ yín. Fún ìyẹn, ẹ wá kọ̀ǹpútà yá, ní ilé ìkàwé, ní ilé ọ̀rẹ́, níbi iṣẹ́ ẹlòmíì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣíwọ́, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀kọ́ méjèèjì yẹn de ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí i, kẹ́ ẹ máa ka èyí tó kù lọ ní tiyín. Ẹni tó bá sì ti mọ VLOOKUP (fọ́múlà tó ń wá nǹkan jáde nínú téébù) àti PivotTable (téébù tó ń ṣàkópọ̀ àkọsílẹ̀ tó pọ̀) lò, GCFGlobal ti kéré fún un, kó gba orí Microsoft Learn, sáìtì ẹ̀kọ́ Microsoft fúnra ẹ̀, tàbí Coursera lọ tààrà.